Lẹ́tà tí Bàbá Mi Fi Ọ̀rá Dì

Ohun tí bàbá mi mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé ni kí wọ́n fi ọ̀rá di nǹkan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, wọ́n ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkejà, lọ́nà Ọ̀gbà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá búrẹ́dì, ọ̀rá iyọ̀, àti ọ̀rá fífẹ̀ tí àwọn ọlọ́jà fi ń bo ọjà wọn tí òjò bá ṣú. Nílé wa ní Agége, kò sí nǹkan iyì kan tí kò wọ ọ̀rá. Rédíò wọ ọ̀rá. Kùránì bàbá mi wọ ọ̀rá. Àwòrán ìgbéyàwó wọn tó wà lára ògiri náà wọ ọ̀rá, débi pé tí oòrùn ọ̀sán bá wọlé, ojú ìyá mi nínú àwòrán a máa dán bí ojú ẹni tó ń làágùn. Àga tìmùtìmù wa méjèèjì wọ ọ̀rá pẹ̀lú. Àlejò tó bá wọ ṣòkòtò péńpé wá kí wa, tó bá ti fẹ́ dìde, awọ itan rẹ̀ á kọ́kọ́ pariwo.

Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà ìgbaniwọlé mi dé láti pólì, ó yẹ kí n ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i. Ayọ̀ ni ò jẹ́ kí n ronú.

Ayé ti le nígbà yẹn. Àwọn ṣọ́jà ló ń ṣèjọba, Sáápù, ètò ọrọ̀-ajé wọn, ti sọ ẹyin di oúnjẹ ọdún, àwọn ilé iṣẹ́ tó wà láti Ìkejà dé Agége sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá ò fara rọ. Àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn, ìjọba ti géètì pa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ọjọ́ ìwọlé wa síwájú, tí mo sì ti jókòó ti ìyá mi nídìí òwú àti bọ́tìnì tí wọ́n ń tà fún àwọn aránṣọ títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọlọ́jà. Nínú ilé oníyàrá mẹ́rìnlá tí à ń gbé, kò tíì sí ọmọ tó rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gbà rí. Èmi ni àkọ́kọ́, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì jẹ́ kí gbogbo ilé náà mọ̀.

Bàbá mi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà l'Ógbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè ka òyìnbó bí ẹni ń fẹsẹ̀ tẹ òkúta sọdá odò: díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìka lójú ìwé, láì já bọ́ sómi.

“Ìyá mi, níbo lo fẹ́ tọ́jú ẹ̀ sí?” Ìyá mi ni wọ́n máa ń pè mí, torí ọdún tí ìyá wọn kú ni wọ́n bí mi.

“Inú báàgì mi ni, sà.”

“Inú báàgì!” Wọ́n yíjú sí ìyá mi bíi pé inú kànga ni mo ní. “Ẹ gbọ́ ohun tọ́mọ yín ń wí?”

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé lẹ́tà náà lọ síbi iṣẹ́. Nírọ̀lẹ́ tí wọ́n dé, wọ́n ní kí gbogbo wa jókòó, kí wọ́n tó yọ ọ́ jáde lábẹ́ bùbá wọn. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sáàárín ọ̀rá méjì tó nípọn, iná ẹ̀rọ ti jó ọ̀rá iwájú àti ti ẹ̀yìn mọ́ ìwé náà pinpin, etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe rẹ́gí. Lẹ́tà náà le bí àwo. Ó ń kọ mànà.

“Omi ò ní wọ̀ ọ́,” bàbá mi wí. “Ikán ò ní jẹ ẹ́. Epo ò ní ta sí i. Ọmọ ọmọ ẹ máa rí i kà.”

Kí a má baà rò pé ẹnu lásán ni, wọ́n bu omi kún ife, wọ́n sì dà á lé orúkọ mi lórí. Ìyá mi figbe ta. Omi ṣàn kúrò lórí ọ̀rá, orúkọ mi wà níbẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ. A pàtẹ́wọ́. Àwọn alájọgbélé wá wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi èékánná kàn án, wọ́n ń ní “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Ní tòótọ́, inú mi dùn. Mo rò pé kò sí ẹni tó máa gbé irú ẹ̀ wá sílé-ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí, kò sí.

Ohun méjì pàtàkì ló wà nínú lẹ́tà náà. Àkọ́kọ́ ni pé oríẹ́ńtéṣọ̀n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa wáyé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Èkejì ni pé ìforúkọsílẹ̀ máa parí lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́; ẹni tí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ nígbà náà, wọ́n máa fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n ti to orúkọ àwọn ẹlòmíràn náà sílẹ̀ lára pátákó, kí ó lè dá wa lójú.

Ọmọ rere ni mí. Ohun tí ìwé bá sọ ni mo máa ń ṣe. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ti wà ní gbọ̀ngàn oríẹ́ńtéṣọ̀n ní aago mẹ́jọ, mo wọ ṣíẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyá mi lọ̀ títí ó fi ń dún. Ọ̀gá kan gorí pèpéle, ó kìlọ̀ fún wa nípa ẹgbẹ́ òkùnkùn, ó kìlọ̀ nípa síkẹ́ẹ̀tì kékeré, ó wá kìlọ̀ fún wa gidigidi pé kí a má fi orí kó wàhálà pẹ̀lú ìjọba. Wákàtí mẹ́ta ló fi kìlọ̀. Àga tó ṣófo pọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà, mo sì ń ṣàánú àwọn aláìmọ̀kan tí wọn ò mọ̀ pé a ti bẹ̀rẹ̀.

Àṣé èmi ni aláìmọ̀kan. Nígbà tí mo jáde, mo rí èrò bí eéṣú níwájú ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀. Láti ìdájí ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ẹnì kan ti ya ojú ìwé láti inú ìwé kíkọ rẹ̀, ẹni tó bá ti dé á kọ orúkọ àti nọ́ńbà tirẹ̀ sí i. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé yẹn lágbára ju ọ̀gá orí pèpéle lọ. Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n máa ń pe orúkọ inú rẹ̀. Tí o ò bá dáhùn, wọ́n á fi bíírò pa ọ́ rẹ́, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí o lè lọ. Nígbà tí mo fi máa kọ tèmi, nọ́ńbà irinwó ó lé díẹ̀ ni mo bá. Wọ́n ní tí n bá múra, ó lè kàn mí lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń jí lọ sí pólì pẹ̀lú ìpè ìrun àkọ́kọ́ nìyẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ìlà ni ọmọbìnrin kan láti Èkìtì wà, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Maryland. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé girama nílé lọ́hùn-ún. Ọmọ náà lórin lẹ́nu, ó ní bíírò mẹ́ta, ó sì ní àánú. Tí mo bá lọ mu omi, òun ló ń dáhùn sí nọ́ńbà mi.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún wa láti kọ ohun gbogbo sí kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. A jókòó sórí kọ́ńkéré, a ń fi itan ṣe tábìlì. Ó dùn mọ́ni: ibi tí o ti wá, ọjọ́ orí rẹ, ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ ṣe ní ọdún àkọ́kọ́. Mo yan títẹ̀wé, mo yan ìṣàkóso ọ́fíìsì, mo yan ìlò èdè. Mo wá kan ibi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ bàbá.

Mo yọjú wo tẹni iwájú mi. Lọ́yà. Mo wo ti ọmọ Èkìtì. Ọ̀gá ilé-ìwé, ó sì kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà. Mo wo tèmi tó ṣófo. Mo rí bàbá mi lójú inú mi, nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù tó ti ṣí, tí òórùn ọ̀rá jíjó kì í kúrò lára rẹ̀ bí ìyá mi fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí. Ojú tì mí. N kò ní fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́: bàbá mi tì mí lójú. Mo sì kọ ọ́ ní òyìnbó pé oníṣòwò ni wọ́n.

Mo bá ara mi rojọ́ díẹ̀. Ṣebí ọ̀rá ni wọ́n ń ṣe, ṣebí wọ́n sì ń ta ọ̀rá náà? Òótọ́ ni, wọ́n ń tà á. Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ ló ń tà á. Mo ṣí ojú ìwé kejì kíákíá. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé fọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni bá fa ìlà pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lórí rẹ̀ kò ní ṣeé gbà, wọn ò sì ní fún èèyàn ní òmíràn.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ pé. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, wọ́n pe nọ́ńbà mi, mo wọ inú ọ́fíìsì náà. Màdáàmù kan tó wọ awò ojú ló jókòó síbẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ mẹ́ta níwájú rẹ̀: òǹtẹ̀ ìwé ẹ̀rí, òǹtẹ̀ ìlera, òǹtẹ̀ ìforúkọsílẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wà lára lẹ́tà ìgbaniwọlé kí èèyàn tó di akẹ́kọ̀ọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì gbé lẹ́tà mi kalẹ̀. Ó dún kọ̀ lórí tábìlì.

Màdáàmù gbé e sókè. Ó yí i padà. Ó gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

“Kí lèyí?”

“Lẹ́tà mi ni, mà.”

“Mo mọ̀ pé lẹ́tà ni. Ta ló fi í sẹ́wọ̀n?”

Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Ó ki òǹtẹ̀ bọ yíǹkì, ó gbá a mọ́ ọ̀rá náà, gbàà! Òǹtẹ̀ náà jáde dáadáa, aláwọ̀ búlúù, ó rẹwà. Ó wá fi àtàǹpàkò rẹ̀ nù ún lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì lọ mọ́ àtàǹpàkò.

“O rí i? Ìwé ni wọ́n gbà mí láti máa lù ní òǹtẹ̀. N kì í lu ọ̀rá. Lọ yọ ọ́ níbẹ̀.”

Mo bọ́ sẹ́yìn ilé, mo fi èékánná ṣí igun kan. Ọ̀rá náà ṣí, ṣùgbọ́n awọ ìwé ń bá a bọ̀. Tí mo bá fà á síwájú, nọ́ńbà lẹ́tà náà á lọ, lẹ́yìn náà orúkọ mi. Mo sáré padà, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ òmíràn fún mi. Màdáàmù ní ọ̀gá tó ń buwọ́ lù ú ti rìnrìn àjò, ó di Mọ́ńdè. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹlòmíràn á ti jókòó sórí àga mi.

Mo sunkún o. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí aago ara ògiri pé kò tíì pé méjìlá. Ẹni tó di lẹ́tà yìí ṣì wà láyé, ó sì wà ní Ìkejà. Mo fi nọ́ńbà mi sí ìkáwọ́ ọmọ Èkìtì, mo sì kó lẹ́tà àti fọ́ọ̀mù, mo sáré.

Mo wọ ọkọ̀ dé Maryland, mo wọ òmíràn dé Ìkejà, mo fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu. Ta ló rán wọn níṣẹ́? Ta ló sọ fún wọn pé gbogbo nǹkan ló yẹ kó wọ ọ̀rá? Nígbà tí mo fi dé géètì ilé iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ tí mo ti tò jọ ti tó ìwàásù.

Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ géètì ní, “Bàbá ẹ ti lọ kírun Jímọ̀ọ̀. Jókòó. Tí fèrè bá dún ní aago méjì ààbọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ti wà nídìí ẹ̀rọ, torí náà wọn ò ní pẹ́ dé.”

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó ti lé díẹ̀ ní aago méjì kí àwọn òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé láti mọ́sálásí. Bàbá mi wà láàárín wọn, pẹ̀lú fìlà ìkírun, bàtà sílípáàsì, wọ́n sì so apá aṣọ iṣẹ́ wọn mọ́ ìbàdí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí ẹnì kan sọ. Bí wọ́n ṣe rí mi, ẹ̀rín náà dúró lẹ́nu wọn.

“Ìyá mi! Kí ló dé? Ṣé ìyá ẹ ni?”

Mo gbàgbé ìwàásù mi. Ẹyọ kan péré ló jáde, ó sì jáde pẹ̀lú ariwo níwájú gbogbo ẹlẹgbẹ́ wọn: “Ọ̀rá yín ti bà mí láyé jẹ́!”

Ọmọ Yorùbá kì í sọ irú ẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Bàbá arúgbó ẹnu géètì ní, “Hàà, ìwọ ọmọ yìí.” Ṣùgbọ́n bàbá mi ò bínú. Wọ́n fà mí wọ inú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, mo sì ṣàlàyé: òǹtẹ̀ mẹ́ta, aago mẹ́rin, àwọn ẹlòmíràn lára pátákó. Wọ́n gba lẹ́tà náà, wọ́n wo igun tí mo ti fi èékánná ṣí, wọ́n sì fi ìka pa á mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́.

“N ò mọ̀ pé wọ́n máa ń lù ú ní òǹtẹ̀,” ni wọ́n wí. “Mo rò pé tí wọ́n bá ti gbà ọ́, wọ́n ti gbà ọ́ náà nìyẹn.” Ohùn wọn lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Mo ṣì ń gbọ́ gbólóhùn yẹn títí dòní.

Wọ́n yí lẹ́tà náà padà. “Ṣé wọ́n kọ nǹkan kan sẹ́yìn ẹ̀?”

“Rárá, sà.”

“Ṣé wọ́n ní iwájú dandan ni òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ wà?”

“Wọ́n ní ara ìwé ni.”

“Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.” Wọ́n yíjú sí bàbá arúgbó. “Bàbá, ẹ bá mi wá bíléèdì, ṣíbí, àti páálí ìṣáná yín.”

Bàbá arúgbó ní sítóòfù kékeré tó fi ń gbé ẹ̀wà kaná. Bàbá mi ki ìdí ṣíbí sójú iná, wọ́n fi kan ẹ̀yìn ọwọ́ wọn, wọ́n dúró kó tutù díẹ̀, wọ́n tún fi kàn án. Wọ́n gbé páálí ìṣáná lé ẹ̀yìn lẹ́tà, wọ́n fi bíírò yí i ká. Wọ́n wá ń fi ìdí ṣíbí ra ojú ibẹ̀ títí ọ̀rá fi rọ̀, wọ́n fi bíléèdì gé e ní etí mẹ́rin, ó gé ọ̀rá, kò gé ìwé. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ó ká wọ́ọ́rọ́. Ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀ hu irun díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ya. Fèrèsé kan ti ṣí lẹ́yìn lẹ́tà mi, bí páálí ìṣáná ni ó ṣe tóbi mọ.

Wọ́n ṣí èkejì. Wọ́n ṣí ẹ̀kẹta. Láyé mi, n kò tíì rí bàbá mi nídìí iṣẹ́ rí. Mo mọ òórùn iṣẹ́ náà, mo mọ àárẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ọwọ́ tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ lè fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí fèrè dún. Wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí lẹ́tà náà kó lè tutù, ni wọ́n bá ní, “Mú fọ́ọ̀mù yẹn wá, kí n fi orúkọ inú ẹ̀ wé ti lẹ́tà. Kí wọ́n má tún rí nǹkan míì sọ.”

Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti na ọwọ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo fún wọn. Ìka wọn bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, díẹ̀díẹ̀, orúkọ mi, ọjọ́ ìbí mi, orúkọ wọn. Ó dé ibi iṣẹ́ bàbá. Ó dúró. Ètè wọn ń gbé ọ̀rọ̀ òyìnbó náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó gùn, wọ́n sì kà á já.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́ta.

“Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?” bàbá arúgbó béèrè.

“Oníṣòwò,” ni bàbá mi wí.

“Ta ni oníṣòwò?”

“Èmi ni. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?” Wọ́n ká fọ́ọ̀mù náà, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú lẹ́tà. Fèrè ilé iṣẹ́ dún. Wọ́n ti ń ki apá bọ aṣọ iṣẹ́ wọn. “Máa sáré, Ìyá mi. Aago mẹ́rin ò ní dúró dè ọ́.”

Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Mo sáré tẹkúntẹkún dé ibùdókọ̀.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni mo dé pólì. Ọmọ Èkìtì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti bẹ èèyàn méje, ó sì ti bá ẹnì kan jà nítorí mi. Ó tì mí wọlé. Màdáàmù yí lẹ́tà náà padà, ó rí fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́. Ó fi ìka ra etí ọ̀kan.

“Ta ló gé èyí?”

“Bàbá mi ni, mà.”

“Ọwọ́ wọn dáa. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?” Kí n tó la ẹnu, ó ti wo fọ́ọ̀mù. “Oníṣòwò.”

“Rárá, mà. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọ̀rá ni wọ́n. Èmi ni mo ṣì í kọ. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n fa ìlà sí i, kí n tún un kọ.”

Màdáàmù wò mí. Ó fi bíírò tọ́ka sí gbólóhùn gàdàgbà ìsàlẹ̀ ìwé. “Tí o bá fa ìlà sí i, n ò lè gbà á. Kì í ṣe èmi ni mo ṣòfin. Àyè ẹ ń lọ nìyẹn. Èwo lo fẹ́?”

Mo gbé bíírò. Aago ara ògiri ń lọ kẹ̀ kẹ̀ kẹ̀. Mo ro ti ìdájí ọjọ́ mẹ́rin, mo ro ti ife omi tí wọ́n dà sórí orúkọ mi tí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ì bá ti fa ìlà, mo mọ̀. Èmi gbé bíírò sílẹ̀. Màdáàmù gbé òǹtẹ̀, gbàà, gbàà, gbàà, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú fèrèsé tirẹ̀, mo sì di akẹ́kọ̀ọ́ pólì, ọmọ oníṣòwò.

Nírọ̀lẹ́, bàbá mi béèrè bóyá wọ́n gbà á. Mo ní wọ́n gbà á. Wọ́n ní “Alihamudulilai,” wọ́n sì ní kí ìyá mi bu ẹran kún tèmi. Wọn ò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ oníṣòwò. Èmi náà ò lè mẹ́nu kàn án.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, wọ́n ṣe ayẹyẹ ìgbàwọlé fún wa, tí wọ́n ń wọ gáùn fún èèyàn, tí àwọn òbí ń wá. Ìyá mi sọ fún mi pé iṣẹ́ ọ̀sán kan bàbá mi lọ́sẹ̀ náà, pé kí n má retí wọn. Mo wà lábẹ́ igi pẹ̀lú ọmọ Èkìtì àti bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé, nígbà tí mo rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti géètì. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tí bàbá mi fi ń kírun ọdún. Ó gbé àpótí aláwọ dúdú lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn olówó Allen Avenue máa ń gbé bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò. Ó ń rìn gbẹ̀ẹ̀dẹ̀gbẹ̀ẹ̀dẹ̀. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé bàbá mi ni.

Wọ́n bọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe.

“Òwò ni,” bàbá mi dáhùn láì wo ojú mi. “Òwò ọ̀rá. Ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ yá látìgbà tí Sáápù ti dé, ṣùgbọ́n a dúpẹ́.”

Wọ́n bá wa ya fọ́tò pẹ̀lú àpótí náà láyà. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ó kọjá aago méjìlá, wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ní kí a má bínú, àwọn ní ìpàdé kan ní Ìkejà. Mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé àpótí náà lé orí orókún kan láti mú owó ọkọ̀, mo sì rí inú rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ búlúù wọn ni, wọ́n ká a dáadáa. Abọ́ oúnjẹ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wọ ọ̀rá.

Gbogbo ohun tí mo ti ń gbé mì láti oṣù wọ̀nyẹn bọ́ lẹ́nu mi. “Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ pa ọ̀rọ̀ orí fọ́ọ̀mù yẹn rẹ́, wọn ò gbà fún mi ni.”

Wọ́n pa àpótí náà dé. Ọkọ̀ Ìkejà ti ń pe èrò.

“Jẹ́ kí n máa lọ, Ìyá mi,” ni wọ́n wí, wọ́n sì gbá mi léjìká. “Oníṣòwò kì í pẹ́ dé ìpàdé.”

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n sì gbé àpótí náà lé itan títí ọkọ̀ fi lọ.